Owó ìbẹ̀rẹ̀ fún ìwádìí olùkọ́ yunifásítì pẹ̀lú àwọn ará abúlé: ẹ bá mi wo ìṣúná yìí kí n tó fi sílẹ̀

Onímọ̀ Oúnjẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Yunifásítì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ṣí owó ìbẹ̀rẹ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan láàárín ìlú. ₦1,500,000 ni, oṣù 12 ni gbèdéke rẹ̀, wọ́n sì ní ká fi ìwé àdéhùn àwọn alábàáṣepọ̀ mọ́ ọn. Àwọn obìnrin tó ń yan gaàrí ní abúlé kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé ni mo fẹ́ bá ṣe é. Mo fẹ́ mọ iye sáyánáìdì (májèlé inú ẹ̀gẹ́) tó ń ṣẹ́ kù sínú gaàrí bí wọ́n bá fi ẹ̀gẹ́ rírin sílẹ̀ kó kan fún ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó yan án, àti bí gaàrí náà ṣe gbẹ tó.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ to owó náà nìyí: ohun èlò láàbù ₦700,000, ọkọ̀ ₦300,000, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùrànlọ́wọ́ ₦200,000, owó ìtẹ̀jáde nínú jọ́nà ₦150,000, ìwé àti fọ́tòkọ́pì ₦100,000, ìpàdé pẹ̀lú àwọn obìnrin náà ₦50,000. Ibo ló kù díẹ̀ káàtó? Báwo la sì ṣe ń ritáyà (ìyẹn, ká fi ìwé jẹ́rìí bí a ṣe ná an) owó tí a bá san fún ìyá tí kò ní rìsíìtì?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Dókítà, ẹ kú làálàá. ₦50,000 nínú mílíọ̀nù kan àbọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹ pè wọ́n ní alábàáṣepọ̀, ìdajì owó fọ́tòkọ́pì péré sì ni owó tó wà ní ìlà wọn. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ọ̀rọ̀ dídùn kún ìwé àdéhùn. Ìṣúná ló máa ń sọ ẹni tí wọ́n kà sí, ibẹ̀ sì ni ìgbìmọ̀ tó bá mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ fẹ́ fi wéra, ẹ ò sì lè ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ ní ó ti tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n máa yan gaàrí fún yín. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba 50 kg ẹ̀gẹ́ tútù, 450 kg ni gbogbo rẹ̀. 100 kg ẹ̀gẹ́ kì í sábà mú ju 20 sí 25 kg gaàrí jáde, nítorí náà nǹkan bíi 90 sí 112 kg gaàrí ló máa wà nílẹ̀. Ta ló ra ẹ̀gẹ́ yẹn? Ta ló bó o, ta ló san owó ẹ̀rọ, ta ló ra igi ìdáná? Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bu ìwọ̀nba tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ sí láàbù, ta ló ni ìyókù? Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ọ́, ìjà ń bọ̀. Bí àwọn obìnrin náà ò bá torí ẹ̀ tahùn síra wọn, ọ́dítọ̀ á béèrè lọ́wọ́ yín ibi tí àpò gaàrí méjì wọlé sí. Ẹ kọ ọ́ gbọnrangandan: gaàrí tó bá kù, ti ẹgbẹ́ ni.

Ẹ tún ro èyí mọ́ ọn. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn yan gaàrí ọlọ́jọ́ kan. Owó tí ìyá kan fi ra ẹ̀gẹ́ á há sínú àpò títí tó fi máa kan, ẹni tó ta ẹ̀gẹ́ fún un láwìn á máa pè é, ọjọ́ ọjà á sì kọjá lórí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí ó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìwádìí yín, owó ìdúró yẹn wà lára owó ìwádìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn náà fẹ́ mọ̀, kẹ́ ẹ tó kọ àbá yín tán. Ó lè má jẹ́ sáyánáìdì rárá.

Ọ̀jẹ̀wé Àgbà

Mo gbọ́ ohun tí Akọ̀wé sọ, àmọ́ mo ní iyèméjì kan. Tí olùkọ́ bá ń fún àwọn tó ń wádìí lọ́dọ̀ wọn lówó, ohun tó fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa sọ fún un. Tẹ́lẹ̀, ọṣẹ àti ìyọ̀ la máa ń fún wọn.

Afọwọ́sí

Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó iṣẹ́ wà, owó àkókò sì wà. Obìnrin tó bó ẹ̀gẹ́, tó yan án, tó bu àpẹẹrẹ, òṣìṣẹ́ ni. Iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà ni kí ẹ san fún un. Obìnrin tó jókòó dáhùn ìbéèrè fún wákàtí méjì pàdánù ìdajì ọjọ́ iṣẹ́, owó àkókò ni ẹ máa fi dí i. Iye kan náà fún gbogbo wọn, ìdáhùn yòówù kí wọ́n fún yín, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù ìgbàṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ohun tí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ìwádìí kò fẹ́ ni owó tó pọ̀ débi pé ẹni tó fẹ́ kọ̀ kò ní lè kọ̀. ₦3,000 fún ìjókòó kan kò fi ẹnikẹ́ni sínú ìdè.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé ibi ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́, kí n kúkú parí rẹ̀. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ ìwádìí ìlera, èyí tó jáde ní 2007, ló fún NHREC (ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ìwádìí ìlera ti orílẹ̀-èdè) láṣẹ láti forúkọ àwọn ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbé ìwé yín lọ bá. Ẹ má sọ pé gaàrí ni ẹ ń wò, kì í ṣe ènìyàn. Tẹ́ ẹ bá ti bi ènìyàn ní ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí iye tó ń pa, ọ̀rọ̀ ti kan ènìyàn. Jọ́nà tó dára á béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ yẹn, kò sì sí bí ẹ ṣe lè padà gbà á lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Ìgbìmọ̀ kì í jókòó lójoojúmọ́, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ kí owó tó jáde.

Baálẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kí, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àṣẹ Baálẹ̀ jẹ́ àṣẹ láti wọ abúlé. Kò dúró fún ìfọwọ́sí obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gba ìfọwọ́sí níwájú rẹ̀ tàbí níwájú ìyá ẹgbẹ́, torí ta ló máa sọ pé òun ò ṣe lójú àgbà? Ẹ kọ fọ́ọ̀mù náà ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé, ojú ìwé kan àbọ̀ ti tó. Ẹ kà á sókè. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ á tẹ̀ka, ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara yín á fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà báńkì wọn wà lábẹ́ òfin ààbò dátà ti 2023. Ẹ tọ́jú wọn sí fáìlì ọ̀tọ̀, kí ìwé ìdáhùn jẹ́ nọ́ńbà nìkan, kí orúkọ má sí níbẹ̀.

Ará Láàbù

₦700,000 fún láàbù ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Bébà píkírétì, èyí tó ń yí àwọ̀ tí sáyánáìdì bá kàn án, lẹ máa lò, ẹ ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Bí a ṣe ń ṣe é: 100 mg gaàrí tí a ti lọ̀ kúnná, sínú ìgò ṣíṣu kékeré tó ní ìdérí, pẹ̀lú omi bọ́fà (omi tí kíkan rẹ̀ kì í yí padà) àti ẹ́ńsáìmù línámárésì, èyí tó ń tú sáyánáìdì sílẹ̀. Ẹ gbé bébà píkírétì tó jẹ́ 3 cm sí 1 cm sí orí rẹ̀ láì jẹ́ kó kan omi, ẹ dé e pinpin, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 16 sí 24 níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi 30°C. Inú ilé wa níhìn-ín fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, NEPA ì báà mú iná lọ. Bébà á yí láti àwọ̀ òféfèé sí àwọ̀ búráùn, bí sáyánáìdì bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ wá rẹ bébà náà sínú 5 ml omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ka omi yẹn lórí sípẹ́kítírófótómítà (ẹ̀rọ tó ń wọn bí àwọ̀ omi ṣe ki tó) ní 510 nm, ẹ fi 396 sọ ohun tẹ́ ẹ bá kà di púpọ̀, iye mg nínú kg kan nìyẹn. Ẹ má gbàgbé ìgò tí kò ní gaàrí nínú, kí ẹ lè yọ ti bébà fúnra rẹ̀ kúrò.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni ẹ́ńsáìmù. Ẹ̀gẹ́ tútù ní línámárésì tirẹ̀. Nígbà tí a bá rin ín, ẹ́ńsáìmù yẹn pàdé línámárínì (èròjà inú ẹ̀gẹ́ tó gbé sáyánáìdì dání), sáyánáìdì sì ń jáde lọ sínú afẹ́fẹ́ àti sínú omi tí a ń tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n iná tí a fi yan gaàrí ti pa ẹ́ńsáìmù náà. Tí ẹ ò bá fi òmíràn sí i nínú ìgò, línámárínì tó kù á jókòó síbẹ̀ láì fọ́, bébà ò ní yí àwọ̀, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé gaàrí náà mọ́ nígbà tí kò mọ́. Ọ̀pọ̀ àbọ̀ tó dùn ún kà ló ti ibẹ̀ wá. Ìwọ̀n Codex (ìlànà oúnjẹ àgbáyé) fún gaàrí ni 2 mg nínú kg kan, ọ̀rinrin rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 12% lọ. Tí ìwọ̀n bá kéré báyìí, àṣìṣe kékeré ti tó láti yí ìdáhùn padà.

Gaàrí tí ẹ fẹ́ gbé wá, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dí i. Èyí tó gbóná á làágùn sínú ọ̀rá, ọ̀rinrin tẹ́ ẹ bá wá wọ̀n kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ẹ bù ú láti ibi mẹ́ta nínú àpò, 500 g ti tó, ọ̀rá méjì ìkan nínú ìkan, kí orúkọ rẹ̀ wà láàárín ọ̀rá méjèèjì. Yíǹkì tẹ́ ẹ bá kọ sí ìta á pa rẹ́ kẹ́ ẹ tó dé Tákíẹ̀.

Ẹ má sì wọn nǹkan ní kọ́ńgò kí ẹ wá yí i sí kg nínú ìwé. Gaàrí kíkúnná àti gaàrí hóró ńlá ò wọ̀n bákan náà nínú kọ́ńgò kan. Ẹ ra òṣùwọ̀n ìfikọ́ kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ bá parí. ₦360,000 á gbé gbogbo èyí, tí ẹ bá lè lo sípẹ́kítírófótómítà ẹ̀ka yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó lágbára ju gbogbo èyí lọ. Ẹ̀gẹ́ tí ọ̀dá bá pọ́n lójú máa ń ní sáyánáìdì ju ti ìgbà òjò lọ. Tẹ́ ẹ bá yan ti ọlọ́jọ́ kan ní oṣù kejì, tẹ́ ẹ wá yan ti ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní oṣù keje, kí lẹ wọ̀n? Ẹ ra 150 kg láti oko kan, irú kan, ọjọ́ orí kan. Ẹ rin ín pa pọ̀, ẹ pín in sí àpò mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àpò kìíní, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ yan án lọ́jọ́ kejì, èkejì lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. 450 kg tí Akọ̀wé ṣírò náà ni, àmọ́ ìfiwéra rẹ̀ á dúró.

Ìyá Akáǹtì

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, rìsíìtì sì ni bíréèkì rẹ̀.

Owó ìwádìí máa ń jáde gẹ́gẹ́ bí àdíváǹsì tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá ritáyà, gbèsè yín ni, wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó oṣù, òmíràn ò sì ní jáde títí ẹ ó fi yanjú rẹ̀. Tí owó bá máa jáde ní ìpín ìpín, ẹ ritáyà ìpín kìíní ní kíá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ti dúró, tí àkókò oko sì ti kọjá.

Fún ìyá tí kò ní rìsíìtì: ẹ tẹ ìwé ìgbowó kan jáde ṣáájú. Ọjọ́, orúkọ, iṣẹ́ tó ṣe, iye owó ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, nọ́ńbà fóònù, ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka, àti ẹlẹ́rìí láti inú ẹgbẹ́. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ẹ má ṣe kọ "àwọn obìnrin 20, ₦60,000" kí ẹnì kan wá fọwọ́ sí i fún gbogbo wọn, èmi fúnra mi á dá a padà. Yíǹkì ìtẹ̀ka ní kí ẹ rà, ẹ má lo bírò tí a fi ń kun àtàǹpàkò, torí ìlà ọwọ́ kì í hàn níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà níbẹ̀, kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Fún ọ̀kadà àti irú ìnáwó kéékèèké bẹ́ẹ̀, ìwé wà tí ẹ ó fi jẹ́rìí fúnra yín pé ẹ ná an, kí olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n tí gbogbo ìṣúná bá jẹ́ ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ á di wàhálà.

Èyí tó bá pọ̀, bí owó ẹ̀gẹ́ àti igi, ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe àkáǹtì ìyá ẹgbẹ́. Kí ó jẹ́ àkáǹtì tí ènìyàn méjì máa ń fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Tí ẹgbẹ́ ò bá ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ alájẹṣẹ́kù lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ lóṣù tí ẹ ń kọ àbá yín, torí báńkì á béèrè ìwé rẹ̀. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ iye tí ẹ máa fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ máa fi ránṣẹ́.

₦150,000 fún jọ́nà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Nínú oṣù 12, ẹ ò ní tíì débi ìtẹ̀jáde, owó tí ẹ ò bá sì ná máa padà. Ẹ má fi iye ẹ̀gẹ́ ti oṣù yìí to ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ láì fi àlékún sí i. Kí owó àìròtẹ́lẹ̀ wà, tí ìgbìmọ̀ bá gbà á láàyè. Tí wọn ò bá gbà á, ẹ pín in sínú àwọn ìlà mìíràn lọ́nà tí ẹ lè ṣàlàyé.

Afíngbá Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀yọ́ Aláàfin ni mo ti ń kọ̀wé, yunifásítì aládàáni ni mo wà. Èmi àti àwọn tó ń fín igbá fẹ́ jọ ṣe àkójọ ọnà ojú igbá. Ṣé TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, lè dá sí irú rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀rù

Ẹ kúuṣẹ́ mà, tàbí sà. Òfin TETFund ti 2011 wà fún yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba nìkan, nítorí náà yunifásítì aládàáni ò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá ní olùkọ́ tí ẹ jọ lè ṣe é ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, bíi FCE Special (ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́) tó wà ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀, ẹni yẹn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó inú yunifásítì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ní ti igbá, ìṣòro yín yàtọ̀ sí ti gaàrí. Gaàrí tí a bá ti jẹ ti tán. Ọnà tí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní tán láéláé, ẹni tó ń tẹ aṣọ lè gbé e lọ́la. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó ni fọ́tò, ẹni tó lè gbà kí a lò ó fún ọjà, bí orúkọ afíngbá ṣe máa hàn lábẹ́ rẹ̀, àti ọnà tí wọn ò fẹ́ kí ẹ yà rárá. Kí ẹ kọ ọ́ kí kámẹ́rà tó jáde nínú àpò.

Fún Onímọ̀ Oúnjẹ: TETFund ní ilẹ̀kùn méjì tó kàn yín. IBR, owó ìwádìí inú ilé ẹ̀kọ́, ń gba inú ilé ẹ̀kọ́ yín fúnra rẹ̀ kọjá. NRF, owó ìwádìí orílẹ̀-èdè, ni ti ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì ń wá àwọn olùkọ́ láti ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ohun tí ẹ máa fi hàn ní ẹnu ọ̀nà kejì yẹn. Kí ẹ má rò pé ₦1,500,000 á yanjú ọ̀rọ̀ sáyánáìdì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó gbọ́dọ̀ bí ni ìwọ̀nba nọ́ńbà tó ṣeé gbà gbọ́, ẹgbẹ́ kan tó ti mọ̀ yín, àti ìwé ìritáyà tí kò ní àbàwọ́n. Ẹ wá ẹnì kan láti ẹ̀ka ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ nísinsìnyí, kó ka iye tí ìdúró ọjọ́ mẹ́ta ń jẹ àwọn obìnrin yẹn. Ìbéèrè tí Akọ̀wé gbé dìde lókè lè lówó lórí ní NRF ju sáyánáìdì lọ.

Tí ASUU bá sì daṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Abúlé kì í daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ wọn á ṣì máa jáde. Ẹ kọ sínú àdéhùn ẹni tó máa gbé fóònù tí láàbù bá tì. Ẹ sì kọ̀wé béèrè fún àfikún àkókò láìsí àfikún owó kí gbèdéke tó kù sí oṣù kan. Lẹ́yìn gbèdéke, ẹ̀bẹ̀ lasán ni.

Onímọ̀ Oúnjẹ

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti bá olórí ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohun tó ń jẹ wọ́n lógún jù ni omi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàn láti ìdí jáàkì tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀gẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń wọ inú rẹ̀.

Àtúntò rẹ̀ nìyí: láàbù ₦360,000; ọkọ̀, ìgbà 12 ní ₦18,000, jẹ́ ₦216,000; ẹni tí ẹgbẹ́ yàn láti máa ṣètò, ₦15,000 lóṣù fún oṣù 10, jẹ́ ₦150,000; ẹ̀gẹ́, bíbó, ẹ̀rọ, igi àti yíyan, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ní ₦26,000, jẹ́ ₦234,000; owó àkókò, obìnrin 20, ìjókòó mẹ́ta ní ₦3,000, jẹ́ ₦180,000; akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọjọ́ 12 ní ₦5,000, jẹ́ ₦120,000; ìpàdé àbọ̀ ìwádìí àti àwòrán alálàyé ní Yorùbá ₦90,000; ìwé àti owó ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ₦55,000; àìròtẹ́lẹ̀ ₦95,000. Ó pé ₦1,500,000. Àmọ́ mi ò rí ibi tí mo lè fi ọ̀rọ̀ kànga sí.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ó ti ń di gidi báyìí. Owó ọkọ̀ lẹ ti máa rí ti kànga. Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ní láti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta? Ẹ kọ́ obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń bu gaàrí, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó tutù, bí wọ́n ṣe ń dí i àti bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ rírin àti lọ́jọ́ kẹrin. Ìgbà 12 di 6. Ẹ rí ₦108,000 níbi ọkọ̀, ẹ rí ₦60,000 níbi akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ san ₦60,000 fún àwọn obìnrin méjì yẹn, ₦10,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́ta. ₦78,000 fún kànga, ₦30,000 lọ sí àìròtẹ́lẹ̀, ó di ₦125,000. Owó tó dé ọwọ́ ẹgbẹ́ nísinsìnyí jẹ́ ₦624,000, ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún.

Ọ̀jẹ̀wé Àgbà

Mo ti gbà nípa owó. Àmọ́ ṣé oníwádìí lè fi àpẹẹrẹ sílẹ̀ fún ẹni tó ni gaàrí kó bù ú fúnra rẹ̀? Aṣàtúnyẹ̀wò jọ́nà á fi ìyẹn gún un lójú.

Ará Láàbù

Ìbéèrè tó dáa ni, ọ̀gá, ìdáhùn rẹ̀ kò sì le. Ní ìgbà àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òun àti obìnrin náà bu gaàrí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àpò kan náà láì wo ara wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà tí kò sọ ẹni tó bù ú sára ọ̀rá, ẹ ṣe wọ́n pa pọ̀ ní láàbù. Tí ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò bá ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rá méjì tí ẹnì kan ṣoṣo bù, ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn jáde, aṣàtúnyẹ̀wò á dákẹ́. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ tún wọn kọ́, kí ìgbà kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì tó lé yẹn, nínú ₦125,000 ni kí ó ti jáde.

Ní ti kànga: ẹ wọn bí ó ṣe jìn sí ìdí jáàkì, 30 m ni ọ̀pọ̀ ìlànà ń béèrè láàárín kànga àti ibi ìdọ̀tí. Omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan gan-an, nítorí náà ẹ wọn pH (bí omi ṣe kan tó) kànga yẹn àti ti kànga mìíràn tó wà ní òkè, tí omi ẹ̀gẹ́ ò lè dé, kí ẹ rí ohun tí ẹ máa fi wéra. Ẹ bu omi lẹ́ẹ̀kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ fi yìnyín gbé e wá lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kó sùn lọ́nà.

Ìyá Akáǹtì

Kí ẹ sì kọ ìlà kànga yẹn lọ́tọ̀, kí ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá fi pamọ́ sábẹ́ "láàbù", tí ẹ wá ná an lórí yìnyín àti ọkọ̀, yóò di ìnáwó tí ẹ ò gba àṣẹ fún. Tí ẹ bá nílò láti gbé owó láti ìlà kan sí òmíràn, ìwé ìbéèrè kọ́kọ́ ni, ìnáwó tẹ̀lé e.

Onímọ̀ Oúnjẹ

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣé gan-an, Mà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ìyá ẹgbẹ́ ní kí n fi nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ sínú ìwé àdéhùn ná, torí ti ẹgbẹ́ kò tíì jáde.

Ìyá Akáǹtì

Rárá o. Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, kí ẹ kọ síbẹ̀ pé "àkáǹtì tí ẹgbẹ́ bá ṣí lórúkọ rẹ̀". Bí owó kìíní bá jáde kí àkáǹtì tó wà, ẹ san owó iṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ìwé ìgbowó tí mo ṣàpèjúwe, kí owó ẹ̀gẹ́ sì lọ tààrà sọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ni oko, kó fọwọ́ sí i níwájú obìnrin méjì.